Kásẹ́ẹ̀tì tí Mo Gbé lọ sí Singapore tí Mo sì Gbé Padà

Kí Rídwàn ọmọ mi tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ń bọ̀, ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ ti kúrò nínú mi. Èmi Sàláhúdéènì, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, ni mo jókòó sí ìdí tábìlì kíṣìnì ilé wa ní Springdale, ní ìpínlẹ̀ Maryland, tí mo ń fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí Mùlíkàt ìyàwó mi kú. Bí ogójì ọjọ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ tíì ní pé tán, ní ọjọ́ Sátidé ni a ó ṣe àdúrà rẹ̀, nígbà tí àwọn ènìyàn kò lọ síbi iṣẹ́. Àwọn ará mọ́sálásí yóò kún ilé yìí, wọn yóò sì tún máa sọ pé ọkọ rere ni mí, pé mo tọ́jú aláìsàn dé òpin. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ ìsìnkú, mo sì dákẹ́. Humaira ọmọbìnrin mi ti búra pé lójú gbogbo wọn ni òun yóò ti bi ẹ̀gbọ́n òun léèrè irú ọmọ tí ó jẹ́, tí ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ pè é kí ó tó kú tí kò sì wá. Rídwàn kò ní mọ ohun tí àbúrò rẹ̀ ń sọ. Kò sí ẹni tí ó pè é. Èmi ni wọ́n rán láti pè é, èmi ni mi ò sì jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi.

Ìwé mẹ́wàá ni mo kà ní Ìbàdàn, mo sì ṣe akọ̀wé ní iléeṣẹ́ ìjọba kí a tó kó wá sí Amẹ́ríkà ní 1979. Rídwàn jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, Humaira sì jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Mo kọ́kọ́ gbá ilẹ̀ ọ́fíìsì níbí, lẹ́yìn náà mo di awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé-ìwé. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń kó ọmọ ọlọ́mọ lọ sí ilé-ìwé ní àgbègbè Prince George's, mi ò sì pẹ́ dé ibùdókọ̀ rí. Mo fi í yangàn. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà ni kí wọ́n máa pe ọmọ mi ní dókítà. Rídwàn wọ yunifásítì, ó ṣe ọdún méjì nínú ẹ̀kọ́ náà, ó sì wálé lọ́jọ́ kan, ó ní, "Dádì, ẹ má bínú. Igi ni mo fẹ́ kọ́." Mo ní, "Igi báwo?" Ó ní, "Igi ìgboro. Bí wọ́n ṣe ń gbìn ín sí àárín ìlú tí kò fi ní fọ́ títì, tí èèyàn á sì máa rí ibòji." Mo ní, "Mi ò fi tábìlì akọ̀wé sílẹ̀ wá gbá ilẹ̀ fún òyìnbó kí ọmọ mi lè di olùtọ́jú ọgbà." Mùlíkàt ń gé ẹ̀fọ́ lọ́wọ́. Ó ní, "Bàbá Rídwàn, ṣé ẹ̀yin náà kọ́ lẹ máa ń wá ìdí igi páàkì bọ́ọ̀sì sí nígbà oòrùn?" Àwọn ọmọ méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ní 1992, ọdún tí ó yẹ kí ó parí, ó gbin ọgọ́fà igi kéékèèké sí ẹ̀yìn ilé wa, ó tò wọ́n ní ìlà, ó sì kọ nọ́ńbà sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló ń wọn gíga wọn tí ó ń kọ ọ́ sínú ìwé. Iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ nìyẹn, òun ni yóò kó fún àwọn olùkọ́ rẹ̀. Mo máa ń dúró ní wíńdò yàrá, mo máa ń wo ọmọ mi lórí eékún lẹ́bàá ewé, n ó sì fa kọ́tìnì padà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Karùn-ún, Rídwàn wà ní yunifásítì, Humaira ń sùn, Mùlíkàt sì ti lọ síbi iṣẹ́ òru rẹ̀ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Mo rò pé kò tíì dé. Mo kírun àsùbáà. Mo fi ẹnu yìí pe Ọlọ́run tán, mo sì jáde lọ mú ẹ̀rọ tí a fi ọwọ́ ń tì láti gé koríko, èyí tí kì í pariwo. Mo tì í gba orí igi ọgọ́fà náà kọjá, ìlà kan tẹ̀lé èkejì. Nígbà tí mo ṣe tán, mo fi ọwọ́ fa díẹ̀ tu, mo sì fi bàtà tẹ àwọn kan wọlẹ̀, kí ó lè dà bí iṣẹ́ ẹranko. Igbó wà lẹ́yìn ilé wa, àgbọ̀nrín sì máa ń ti ibẹ̀ jáde wá jẹ òdòdó àwọn aládùúgbò. Mo ti ro gbogbo rẹ̀ pátá kí n tó jáde. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìbínú ló ṣe é. Ìbínú kì í ronú tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Rídwàn dé ní ọjọ́ kẹta, ó lóṣòó sí àárín àwọn igi náà, ó ń ṣa nọ́ńbà wọn jọ. Mùlíkàt ló kọ́kọ́ lanu. Ó ní, "Àgbọ̀nrín ni, ọmọ mi. Pẹ̀lẹ́." Inú mi dùn pé kì í ṣe èmi ni mo ní láti pa irọ́ náà. Ó yẹ kí n dákẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ní, "Ìdáhùn Ọlọ́run nìyẹn. Padà sí iṣẹ́ dókítà." Rídwàn gbé ojú sókè, ó ní, "Dádì, Ọlọ́run ò rán àgbọ̀nrín sí mi." Ọ̀rọ̀ di ariwo, mo sì ní kí ó jáde nílé mi, kí ó má padà wá títí èmi fúnra mi yóò fi pè é. Ó ní, "Ó dáa, sà. Ó di ọjọ́ tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ yín wá pè mí." Ó fi ọdún kan kún ẹ̀kọ́ rẹ̀ nítorí igi wọ̀nyẹn. Ní 1994 ó rí iṣẹ́ ní Singapore, ìlú kan ní Éṣíà tí wọ́n ní ó mọ́ tónítóní, tí ó sì kún fún igi. Ó fẹ́ ọmọ ibẹ̀, Kamilah, Mùsùlùmí bíi tiwa. Èmi ò lọ síbi yìgì náà. Oṣooṣù ni ó ń pe ìyá rẹ̀ lórí tẹlifóònù. Bí èmi bá gbé e, yóò kí mi, n ó sì gbé e fún ìyá rẹ̀.

Nínú oṣù Kẹrin ọdún yìí, 1996, àyẹ̀wò fi hàn pé jẹjẹrẹ wà nínú Mùlíkàt, ó sì ti tàn kálẹ̀. Dókítà sọ fún wa pé bí ó bá rí ìgbà tí ewé igi ń jábọ́, ní nǹkan bí oṣù Kẹwàá, kí a dúpẹ́. Mùlíkàt kò sunkún. Nígbà tí a wọ ọkọ̀, ó ní, "Bàbá Rídwàn, ẹ̀yin lẹ lé ọmọ yẹn jáde. Ẹ̀yin lẹ ó lọ mú un wá." Mo ní kí ó pè é lórí fóònù. Ó ní, "Bí mo bá pè é, nítorí àìsàn mi ló máa fi wá, á sì padà lọ lọ́jọ́ kejì ìsìnkú. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ó bá wálé. Tí mo bá lọ tán, ta lẹ ní?" Ó kìlọ̀ fún Humaira pé kí ó má sọ ohunkóhun fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pé Dádì yóò sọ ọ́ ní ojúkojú. Nígbà tí ilé-ìwé ti padé nínú oṣù Kẹfà, mo pe Rídwàn, mo ní mò ń bọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin fúnra yín, Dádì?" Ohùn ọmọ kékeré ló fi sọ ọ́.

Mùlíkàt gba ohùn rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì kan, bí a ti máa ń ṣe sí àwọn ará ilé ní Ìbàdàn nígbà tí a kọ́kọ́ dé ìlú yìí. Ó kọ orúkọ Rídwàn sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fi lé mi lọ́wọ́. "Ẹ fún un kí ẹ tó jẹun o. Kí ẹ sì jókòó tì í nígbà tí ó bá ń gbọ́ ọ." Oyèwálé aládùúgbò wa, tí ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, ló gbé mi lọ sí pápá ọkọ̀ òfurufú. Ó ń pè mí ní Àlàájì bí gbogbo ènìyàn, bẹ́ẹ̀ mi ò dé Mẹ́kà rí. Ó ní, "Àlàájì, ẹ má tutọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ o. Wọ́n ní ẹni tó bá ju bébà lásán sílẹ̀, owó ìtanràn ni." Mo ní, "Ìgbà wo lo rí mi tí mo tutọ́ sílẹ̀?" Ó ní, "Mo kàn ń kìlọ̀ ni. Àwa ò ní owó tí a ó fi wá gbà yín sílẹ̀." A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tòótọ́ tí mo rín kẹ́yìn nìyẹn.

Mo ti yá ẹ̀rọ kékeré tí Humaira fi ń gbọ́ orin, mo ní Kùránì ni mo fẹ́ máa gbọ́ lọ́nà. Ní Japan, níbi tí a ti dúró láti pààrọ̀ ọkọ̀, mo fi kásẹ́ẹ̀tì náà sínú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó rán mi. Mo fẹ́ mọ ohun tí ó sọ nípa mi ni. Mùlíkàt kí ọmọ rẹ̀, ó pe oríkì rẹ̀, Àkànní, ó sọ ti àìsàn náà láìfi ohunkóhun pamọ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò fẹ́ gbé lọ sínú sàréè. Àgbọ̀nrín kọ́ ló jẹ igi rẹ. Mo tètè dé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, mo wà ní wíńdò kíṣìnì. Bàbá rẹ ni mo rí. Mo fi àgbọ̀nrín bò ó láṣìírí kí ilé wa má baà tú, ilé sì tú náà." Mo pa ẹ̀rọ náà. Àwọn ènìyàn ń lọ, wọ́n ń bọ̀ níwájú mi. Ọdún mẹ́rin! Ó gbé oúnjẹ síwájú mi fún ọdún mẹ́rin, ó ń wò mí, ó sì mọ̀. Ó yẹ kí ojú tì mí nítorí ohun tí mo ṣe. Nítorí pé ẹnì kan rí mi ni ojú ṣe tì mí. Mo yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, mo fi í sí àpò ẹ̀wù mi, mo sì ti pinnu pé Rídwàn kò ní gbọ́ ọ.

Ẹ wá wo ibi tí ìpinnu kékeré yẹn gbé mi dé. Bí Rídwàn kò bá ní gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì, kò gbọdọ̀ rí ìyá rẹ̀, nítorí ìyá rẹ̀ yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Bí kò bá sì gbọdọ̀ rí i, kò gbọdọ̀ mọ̀ pé ó ń ṣàìsàn. Mo ro gbogbo èyí nínú ọkọ̀ òfurufú, ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bí mo ti máa ń to ọ̀nà bọ́ọ̀sì mi. Nígbà tí mo jáde, Rídwàn dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú mi láàárín àwọn àjèjì. Kamilah tẹrí ba, ó gba ọwọ́ mi, ó fi kan iwájú orí rẹ̀, bí wọ́n ti ń kí àgbà nílùú wọn. Oyún ti hàn lára rẹ̀. Rídwàn ní, "Mọ́mì ńkọ́, Dádì?" Mo ní, "Ara rẹ̀ le." Mi ò tíì gbé àpótí mi kúrò nílẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò. Mi ò rí irú ìlú bẹ́ẹ̀ rí. Láti pápá ọkọ̀ òfurufú dé ilé wọn, igi nà orí bo títì láti ọ̀tún àti òsì, òdòdó so rọ̀ wá sílẹ̀ láti orí afárá. Ilẹ̀ mọ́ débi pé mo ń wo bàtà mi kí n tó tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ wọn ń dé ní ìṣẹ́jú tí wọ́n ní yóò dé, èmi tí mo ń fi àìpẹ́ yangàn sì kí wọn nínú ọkàn mi. Ní ọjọ́ kejì Rídwàn mú mi lọ wo iṣẹ́ rẹ̀. Ó dúró lábẹ́ igi ńlá kan tí ẹ̀ka rẹ̀ tẹ́ bí agboòrùn, àwọn arúgbó jókòó sábẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ ilé-ìwé dúró de bọ́ọ̀sì. Ó ní, "Igi òjò ni wọ́n ń pè é. Bí òjò bá ti fẹ́ rọ̀, á ká ewé rẹ̀ mọ́ra, omi á sì lè dé ìdí rẹ̀. Àwa la gbé e wá síbí. Wọ́n ní kò ní yè." Ó fi ọwọ́ gbá ara igi náà bí ẹni ń gbá ẹ̀yìn ọ̀rẹ́. Ó ní, "Ẹ wò ó, Dádì, kò sí àgbọ̀nrín níbí o!" Ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ kí ara lè tù mí ni, kí n lè mọ̀ pé ó ti gbàgbé. Kásẹ́ẹ̀tì wà nínú àpò mi, ó kan igbá àyà mi. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ tí ọmọ mi ń ṣe dára. Mo rí ọmọ ilé-ìwé nínú ibòji tí ó ṣe. Gbogbo ohun tí mo lè sọ ni, "Ó mọ́ níbí."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Kamilah se oúnjẹ púpọ̀. Nígbà tí a ń jẹun, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí pẹ̀lú ìtìjú bóyá òtútù máa ń mú ọmọ ọwọ́ jù ní Maryland. Rídwàn ló túmọ̀ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ní, "Dádì, oṣù Kẹwàá ló máa bímọ. A fẹ́ gbé ọmọ náà wá ní oṣù Kejìlá, kí Mọ́mì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbà á. Ní báyìí tí ẹ ti wá pè mí, mo lè wọlé, àbí?" Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, oṣù Kẹfà là ń sọ̀rọ̀ yìí. Dókítà ti ní bóyá ni Mùlíkàt yóò rí ìgbà tí ewé ń jábọ́. Àwọn méjèèjì gbójú sókè, wọ́n ń wo ẹnu mi. Mo jẹ òkèlè tí ó wà lọ́wọ́ mi tán. Mo ní, "Oṣù Kejìlá dára." Kamilah pàtẹ́wọ́. Ó bu oúnjẹ kún àwo mi, mo sì jẹ ẹ́.

Ní ọjọ́ kẹta mo jáde ní èmi nìkan, mo ní mo fẹ́ nasẹ̀. Mo fẹ́ sọ kásẹ́ẹ̀tì náà nù ni. Mo kọjá àwọn agolo ìdọ̀tí, ṣùgbọ́n ènìyàn dúró níbi gbogbo, orúkọ ọmọ mi sì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Níkẹyìn mo rí òdòdó kan tí ó ṣù pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀, mo ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, mo fi í sílẹ̀, mo sì yára lọ. Mi ò tíì rìn jìnnà tí mo fi gbọ́ igbe lẹ́yìn mi. "Uncle! Uncle!" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe àgbàlagbà níbẹ̀. Bàbá agbálẹ̀ kan ni, ó dàgbà jù mí lọ, ó dé fìlà koríko, ó ń sáré, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó rò pé ó já bọ́ lọ́wọ́ mi ni. Ó fi ẹ̀wù ara rẹ̀ nu erùpẹ̀ kúrò lára kásẹ́ẹ̀tì, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi. Èmi náà ti gbá ilẹ̀ rí. Mo mọ bí ẹ̀yìn ṣe ń dun ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó padà sídìí ìgbálẹ̀ rẹ̀. Bí mo bá ní ọkàn, ó yẹ kí n padà sílé lẹ́sẹ̀ kan náà kí n sì wí fún Rídwàn. Mo dá kásẹ́ẹ̀tì padà sí àpò, mo sì dúró de ọkọ̀.

Ní pápá ọkọ̀ òfurufú, ní ọjọ́ kẹrin, Rídwàn di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Dádì, ohùn Mọ́mì kò lágbára lórí fóònù lóṣù tó kọjá. Ṣé kò sí nǹkan?" Mo ní, "Ọjọ́ orí ni." Ó ní, "Ẹ bá mi wí fún un pé ẹ wá pè mí. Ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́, inú rẹ̀ á dùn." Ẹnu ọ̀nà tí mo gbà wọlé ní Springdale, Mùlíkàt wà lórí àga níbẹ̀, ó ti wẹ̀, ó ti wé gèlè. Ó wo ẹ̀yìn mi. Kò rí ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ó ń bọ̀ lẹ́yìn ni?" Mo ní, "Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní iṣẹ́ kò ní jẹ́ kí òun wá." Ó ní, "Ẹ fún un ní kásẹ́ẹ̀tì?" Mo ní, "Mo fún un. Ó gbọ́ ọ." Ó ní, "Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀?" Ó wò mí nígbà tí ó ń bi mí. Mo ní, "Gbogbo rẹ̀." Ó tú gèlè náà, ó ká a sórí itan rẹ̀, kò sì wé gèlè mọ́ títí ó fi kú. Humaira fẹ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí ó bú u. Ìyá rẹ̀ ní, "Kí ẹnikẹ́ni má pè é. Ó mọ ọ̀nà."

Mo gbé fóònù kúrò ní yàrá ìyàwó mi, mo ní ariwo rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ó sinmi. Humaira dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún un. Inú Rídwàn ti dùn sí ìbẹ̀wò mi, nítorí náà kò dúró de ìparí oṣù mọ́. Ọjọ́ Àìkú mẹ́rin ló pè. Ní àkọ́kọ́ mo ní ìyá rẹ̀ lọ sí àsàlátù. Ní ẹ̀ẹ̀kejì mo ní ó ń sùn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta mo ní ó lọ kí Abibat ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Clinton. Bí mo ti gbé fóònù náà kalẹ̀, Mùlíkàt pè mí láti yàrá. "Ta ni?" Mo ní, "Àwọn tó ń ta wíńdò ni." Ó ní, "Lọ́jọ́ Àìkú?" Mo ní, "Wọn kì í mọ ọjọ́." Ó ní, "Wọ́n ń pè wá gan-an lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí."

Mo ti dé ibi tí ó burú jù. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ó kú, ó jẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó ní kí n gbé fóònù wá. Kò lè gbé orí sókè mọ́. Ó ní, "Ẹ bá mi pe Rídwàn. Mi ò ní bẹ̀ ẹ́. Mi ò ní bá a wí. Ohùn rẹ̀ lásán ni mo fẹ́ gbọ́." Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo fi ìka kan tẹ ibi tí à ń gbé ọwọ́ fóònù lé, tí fóònù fi kú, mo sì fi ìka kejì tẹ gbogbo nọ́ńbà ọmọ rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, lójú rẹ̀. Mo gbé e sí etí mi. Mo dúró. Mo dúró bí ẹni tí ó ń gbọ́ tí ó ń dún. Mo ní, "Kò gbé e." Ó ní, "Ó lè wà níbi iṣẹ́. Igi kì í mọ ọjọ́ ìsinmi." Títí dé ibẹ̀, ó ṣì ń wá àwáwí fún un. Nígbà tí Rídwàn pè ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyẹn ìkẹrin, mo ní ó ti sùn, ìyẹn nìkan ni kì í ṣe irọ́. Ó kú ní òwúrọ̀ Alámìísì. A sin ín ní ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun. Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo tó pe Rídwàn. Ó ní, "Dádì, ẹ ní ara rẹ̀ le." Mo ní, "Ó dé lójijì." Ó ń sunkún, ó ní, "Ẹ gbé Humaira fún mi." Humaira ní òun kò ní ẹ̀gbọ́n. Rídwàn bi mí pé kí ni òun ṣe fún un. Mo ní ìbànújẹ́ ni.

Ní àná, mo fi kásẹ́ẹ̀tì náà sínú ẹ̀rọ. Láti Japan ni ó ti dúró sí ibi tí mo pa á. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ ni, mi ò ro ohun mìíràn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo gé e: "Àkànní, mo bẹ̀ ọ́, dárí jì í. Ẹ̀rù ló bà á. Ó rò pé bí o bá di onígi, a jẹ́ pé gbogbo ilẹ̀ tí òun gbá já sí asán ni. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́." Ó wúkọ́. Lẹ́yìn náà ó pe èmi. "Bàbá Rídwàn, mo mọ̀ yín. Ẹ ti gbọ́ èyí kí ẹ tó fún un. Kò burú. Mo ti dárí jì yín láti ọjọ́ yẹn ní wíńdò. Ẹ yọ ọ́ nínú ẹ̀rọ báyìí, kí ẹ fún un." Ó kù díẹ̀ kí n dé ibẹ̀ ní Japan. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Mo pa á nítorí pé mo rò pé ẹ̀sùn ni ó ń fi kàn mí.

Rídwàn, bàbá rẹ ló gé igi rẹ. Bàbá rẹ ló gé ọ kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ. Ìyá rẹ pè ọ́, ó pè ọ́ títí dé òpin, ìwọ náà sì pè é, èmi ni mo jókòó sí àárín. Humaira, ẹ̀gbọ́n rẹ kò ṣẹ̀ ọ́. Kamilah, mo jẹ oúnjẹ rẹ pẹ̀lú irọ́ lẹ́nu. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín, mi ò sì ní bi yín ní ìgbà tí ẹ ó fún mi. Bí kò bá sí, mo gbà. Ẹ̀yin ará mọ́sálásí, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ mi bá ti gbọ́, n ó ka ìwé yìí síwájú yín ní Sátidé, kí ẹ lè gba ọ̀rọ̀ ọkọ rere yẹn padà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí aláìsàn bá fi iṣẹ́ rán yín sí ẹnì kan, ẹ jẹ́ ẹ ní ìdúró. Ẹ má jókòó. Ẹ má jẹun. Ẹ má tú u wò láti mọ bóyá orúkọ yín wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kí ó di ọ̀la, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí tí kò fi yẹ kí ẹ jẹ́ ẹ, ẹ ó sì rí i.

Lake Arbor ni Humaira ń gbé, kò jìnnà síbí. Mo ti pè é, mo ní kí ó máa bọ̀, ó sì bi mí bóyá ara mi kò yá. Mo gbọ́ ọkọ̀ rẹ̀ níta báyìí. Kásẹ́ẹ̀tì wà lórí tábìlì. Mo ti dìde kúrò lórí àga.